Àwòrán Wà, Ohùn Kò Sí

Lọ́dún 1913, Hans Schomburgk, ará Jámánì, gúnlẹ̀ sí Lomé pẹ̀lú òṣèrébìnrin Meg Gehrts àti Hodgson, ayàwòrán tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọrí sí àríwá, wọ́n ya eré, wọ́n sì ya iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀. Ní 1915, lẹ́yìn tí ogun ti gba Tógò lọ́wọ́ Jámánì, ìwé Gehrts jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, lédè Gẹ̀ẹ́sì. (Ogun kò dí ọjà ìwé lọ́wọ́.)

Èyí tí mi ò yéé wò ni àwòrán àwọn tó ń yọ́ irin ní Banjeli, nílẹ̀ Bassar, ní 1914. Ìléru wọn ga ju ènìyàn lọ. Mo wá ẹwìrì títí, mi ò rí i: afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ iná náà. Ọwọ́ wọn hàn kedere. Orúkọ tí wọ́n ń pe irinṣẹ́ wọn, fíìmù ìgbà yẹn kò lè gbà á.

Ní 1985, àwọn àgbà Banjeli tún mọ ìléru níwájú àwọn olùwádìí láti Amẹ́ríkà, èyí tó di The Blooms of Banjeli ní 1986. Ohùn wà nínú ìyẹn. Mo ti gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ níbẹ̀ sọ ọwọ́ tí mo rí ní 1914 lórúkọ, ṣùgbọ́n ọdún 71 ló wà láàárín wọn.