Ọmọ-iṣẹ́ Tí Ó Padà Sí Ilé-Ìwé

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́-ọwọ́ àti ìwé rí: ibi tí ọ̀kan kò lè dé, èkejì a dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín wa, akọ̀wé a máa fi ojú tín-ín-rín wo ẹni tí ọ́ìlì bá rá lára, mẹ́káníìkì a sì máa rò pé ìwé kò wúlò fún ẹni tí ó ti mọ sípánà lò. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi hàn pé àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣìnà.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Soichiro Honda. Ní ọdún 1906 ni a bí i ní abúlé kan nítòsí ìlú Hamamatsu, ní ilẹ̀ Jàpáánù. Alágbẹ̀dẹ ni baba rẹ̀, a sì máa tún kẹ̀kẹ́ ṣe pẹ̀lú. Ní ọdún 1922, nígbà tí Honda jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó fi ilé sílẹ̀, ó gba Tokyo lọ láti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tí à ń pè ní Art Shokai. Sípánà ni ó rò pé wọn yóò gbé lé òun lọ́wọ́. Ọmọ ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n gbé pọ̀n ọ́n. Fún oṣù mélòó kan, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó pọn ọmọ, kí ó sì gbálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n kò sá lọ. Ojú ni ó fi ń kọ́ ohun tí wọn kò tíì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kàn, títí di ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀, tí a sì pè é kí ó wá ran àwọn àgbà lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo, iná sì jó apá tí ó pọ̀ nínú ìlú náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mẹ́káníìkì ilé-iṣẹ́ wọn padà sí ìlú wọn, ṣùgbọ́n Honda dúró ti ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì ń tún àwọn ọkọ̀ tí iná ti bà jẹ́ ṣe. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ti mọ ẹ́ńjìnì tinú tẹ̀yìn. Ní ọdún 1928, ọ̀gá rẹ̀ gbà kí ó lọ ṣí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà sí Hamamatsu. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ayẹyẹ fúrídọ́ọ̀mù tí a ń ṣe fún ọmọ-iṣẹ́ ní ilẹ̀ wa yóò mọ bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń dùn tó.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ẹni tí ń kẹ́gàn ìwé ì bá jàre. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1937, Honda fẹ́ máa ṣe ríìngì písítìnì fúnra rẹ̀. Ríìngì yìí ni irin róbótó tí ó há mọ́ ara písítìnì. Òun ni kì í jẹ́ kí agbára iná sá jáde, tí kì í sì í jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè lọ jó nínú ẹ́ńjìnì. Nígbà tí alùpùpù kan bá ń rú èéfín tí ó dàbí aró, ríìngì tí ó ti jẹ a máa wà lára ohun tí ó ń fà á. Honda yọ́ irin tọ̀sán tòru, síbẹ̀ ríìngì rẹ̀ kò dára. Ó mú un tọ olùkọ́ kan lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Hamamatsu, olùkọ́ náà sì sọ fún un pé sílíkónì tí ó wà nínú irin náà kò tó. Ojú kì í rí sílíkónì nínú irin, ọwọ́ kì í sì í fọwọ́ bà á. Nígbà náà ni ọ̀gá tí ó ti pé ọgbọ̀n ọdún, tí ó ti ní ọmọ-iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, lọ jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́ láti kẹ́kọ̀ọ́. Kò tilẹ̀ rọrùn lẹ́yìn èyí: nínú 50 ríìngì tí ó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ Toyota, 3 péré ni wọ́n gbà pé ó dára. Ó tún tẹra mọ́ ọn títí ó fi mọ̀ ọ́n ṣe.

Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1946, ó rí àwọn ẹ́ńjìnì kéékèèké tí àwọn ọmọ-ogun ti fi ń fún ẹ̀rọ rédíò wọn ní iná. Ó de ọ̀kan mọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì fi ìgò tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí láti mú ibùsùn móoru ṣe táńkì epo rẹ̀. Láti inú ìbẹ̀rẹ̀ kékeré yìí ni ilé-iṣẹ́ Honda Motor ti jáde ní ọdún 1948. Ní ọdún 1958, wọ́n ṣe alùpùpù Super Cub, nígbà tí ó sì fi di ọdún 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe nínú irú rẹ̀ ti pé mílíọ̀nù 100.

Òtítọ́ ni pé Honda kò ṣe ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò sì gba ìwé-ẹ̀rí. Kí ọ̀lẹ má ṣe fi èyí ṣe àwíjàre. Ọkùnrin náà ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó tó lọ, ìmọ̀ ni ó sì wá lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ lé e, kí ó kọ́kọ́ pọn ọmọ ọ̀gá.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnì, ẹ mú ìwé àti kálàmù lọ́wọ́, kí ẹ sì máa bi ọ̀gá yín ní ìdí tí ó fi ṣe ohun tí ó ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwé ni ẹ yàn, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín ẹlẹgbẹ́ yín tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá sì mọ ọ̀nà méjèèjì kì í ṣìnà.