Àjẹsára Aboyún àti Ọmọ Ọwọ́: Ohun tí Ó Yẹ kí Agbẹ̀bí Ìjọ Mọ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ń bí sí ilé àgbẹ̀bí ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí kì í sábà sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nítorí wọn ni a ṣe ń bá ẹ̀yin agbẹ̀bí sọ̀rọ̀.

Ibi ìwọ́ tí a gé ni àrùn ipá máa ń gbà wọ ara ọmọ tuntun. Abẹ́rẹ́ tí ìyá gbà nínú oyún ni ó ń dáàbò bò ó: èkíní nígbà tí ó bá kọ́kọ́ wá, èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ìbímọ.

Bí a bá ti bí ọmọ, kí ó gba abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú láàárín wákàtí 24, pẹ̀lú ti ikọ́ ẹ̀gbẹ àti oògùn rọpárọsẹ̀ tí a ń kán sẹ́nu. Yóò padà lọ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, àti ní oṣù 9 àti 15 fún àrùn éèyi.

Ikọ́ díẹ̀ kò tó ìdí láti dá ọmọ padà. Bí ọjọ́ kan bá sì yẹ̀, ibi tí a dé ni a ti ń tẹ̀síwájú. A kì í bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyá kan lọ sílé láìmọ ibi tí yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Àdúrà kò ta ko àjẹsára.