Àwòrán Kọ̀ǹpútà Tó Ṣe é Fọwọ́ Kàn

Lọ́dún 1965, Ivan Sutherland, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan. Ó ní ojú kọ̀ǹpútà tó bá pójú owó yóò jẹ́ yàrá tí àga inú rẹ̀ á gba ìjókòó. Kò tíì sí irú yàrá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó gbé èrò náà débi tó dé yẹ lẹ́ni à ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ní Yunifásítì Stanford, ọ̀jọ̀gbọ́n John Linvill ń wá ọ̀nà tí ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò ríran yóò fi máa ka ìwé tí wọn kò tẹ̀ ní bíréèlì. Ẹ̀rọ Optacon tó ti ibẹ̀ jáde bọ́ sọ́jà ní 1971. Ọ̀pá tín-ín-rín 144 ń gbọ̀n lábẹ́ orí ìka kan ṣoṣo, wọ́n ń ya ìrísí lẹ́tà síbẹ̀. Gbígbọ̀n nìkan ni wọ́n ń gbọ̀n. Wọn kì í dìde.

Ní Yunifásítì Tsukuba ní Japan, Hiroo Iwata àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí tó ń dìde. Wọ́n pè é ní FEELEX, wọ́n sì gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 2001. Ọ̀pá 36 wà lábẹ́ rọ́bà fẹ́lẹ́ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rọ oníná tirẹ̀. Òkè ni wọ́n ti ń tan àwòrán sójú rọ́bà náà. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á mọ̀, ìrísí rẹ̀ á sì yí padà. Kò sẹ́ni tó nílò ìbọ̀wọ́ kankan kó tó lò ó, ọ̀pọ̀ èèyàn sì lè fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan náà; lójú tèmi, èyí gan-an ni àṣeyọrí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ abẹ́ rẹ̀ gba àyè púpọ̀: sẹ̀ǹtímítà 4 ló wà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì. Nínú FEELEX kejì, wọ́n sún ọ̀pá 23 mọ́ra tó mìlímítà 8, kí dókítà lè máa fi ìka yẹ ara wò lórí rẹ̀.

Ní 2013, Daniel Leithinger àti Sean Follmer, pẹ̀lú ọ̀gá wọn Hiroshi Ishii ní Yunifásítì MIT, gbé ẹ̀rọ inFORM jáde. Ọ̀pá 900 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ga tó sẹ̀ǹtímítà 10. Kámẹ́rà ń wo ọwọ́ ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, àwọn ọ̀pá á gbé ìrísí ọwọ́ náà dìde, onítọ̀hún á sì máa yí bọ́ọ̀lù tí kò sí nítòsí rẹ̀. Síbẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ni ọ̀pá mọ̀ ọ́n lọ: ife lè yọ, àlàfo inú etí rẹ̀ kò lè yọ.

Follmer di olùkọ́ ní Stanford. Ní 2019, òun, Alexa Siu àtàwọn mìíràn lo ẹ̀rọ tó ní ọ̀pá 288 fún àwọn tí kò ríran tó ń fi kọ̀ǹpútà ya ohun èlò. Bí wọ́n bá ti kọ àṣẹ tán, wọ́n lè fọwọ́ yẹ iṣẹ́ wọn wò, kí wọ́n sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní láti dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ẹ̀rọ tó ń fi ike mọ nǹkan tó gbé e jáde, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó rí bí wọ́n ṣe fẹ́.