Iṣu Ìkórè àti Owó Tó Gba Ipò Rẹ̀

Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú wa létè, ìkórè ló máa ń gbẹnu àwa ọmọ ìjọ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ra aṣọ, ìgbìmọ̀ ti pín àpòòwé kiri, wọ́n sì ti ń wá olówó tí yóò ṣe alága. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìkórè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń ká mi lára.

Àlùfáà Robert Stephen Hawker, ní Morwenstow, létí òkun Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́ di ìsìn inú ṣọ́ọ̀ṣì bí a ṣe mọ̀ ọ́n, lọ́dún 1843. Ọdún yẹn gan-an, ní oṣù Kìíní, ni míṣọ́nnárì Henry Townsend kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta. Nígbà tí àṣà náà fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, kò ṣàjèjì sí wa rárá: àwọn baba wa kì í fẹnu kan iṣu tuntun láìkọ́kọ́ fún òrìṣà. Ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló yí padà.

Owó tí ìjọ ń dá níbi ìkórè náà ní ìtàn tirẹ̀. Henry Venn, akọ̀wé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1841 títí di 1872, ló tẹnu mọ́ ọn pé kí ìjọ àwọn ọmọ ilẹ̀ máa bọ́ ara rẹ̀, kó má wo ọwọ́ òyìnbó. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀: ìjọ tó ń tọrọ jẹ kò lè sọ òótọ́ lójú ẹni tó ń bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni kòkó dé. Nígbà tí àwọn kan kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà St. Paul's, Breadfruit, l'Ékòó lọ́dún 1901, tí wọ́n dá African Church sílẹ̀, J. K. Coker, tó ní oko kòkó ńlá ní Agége, wà lára òpómúléró wọn. Àwọn alágbàṣe oko Agége gbé irúgbìn kòkó lọ sí ìlú wọn, wọ́n sì gbé Ìhìn Rere mọ́ ọn. Owó kòkó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì rán ọmọ níwèé.

Ní abà tí wọ́n ti tọ́ mi, lẹ́bàá Ìbàdàn, láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé la ti ń fi màrìwò wé òpó ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ á kún iwájú pẹpẹ débi pé àlùfáà á máa fẹ̀gbẹ́ kọjá. Ìyá mi a máa ṣa iṣu tí ọkọ́ kò ṣá, á gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, á tò ó sínú agbọ̀n. Lẹ́yìn ìsìn, ó di gbàǹjo. Ẹnì kan á ra iṣu kan ju iye rẹ̀ lọ, á ní, "Ẹ tún un tà!" Iṣu náà á padà sórí tábìlì, ẹlòmíràn á tún bu owó lé e. Ṣekárími wà níbẹ̀ nígbà náà, n kò jiyàn. Bàbá tó bá rí kòkó tà dáadáa kì í fẹ́ kí aládùúgbò borí òun. Ṣùgbọ́n opó tó gbé igbá ata wá ti gbé ọrẹ tirẹ̀ kalẹ̀ kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ka ata rẹ̀.

Iṣu ti tán níwájú pẹpẹ báyìí, àfi mélòó kan tí wọ́n rà lọ́jà láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Àpòòwé ló kù, orúkọ sì wà lára rẹ̀. Ní ìjọ kan tí mo mọ̀, wọ́n ń fi gbohùngbohùn pe orúkọ àti iye owó, bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó mú èyí tó pọ̀ jù wá. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ ládùúgbò wa kò wá sí ìkórè èṣí. Ó ní òun kò tíì rí owó ẹgbẹ́ san, ojú sì ń ti òun. Ẹni tí Ọlọ́run dá sí láti ọdún dé ọdún, tó fẹ́ dúpẹ́, la fi owó dè lọ́nà. N kò mọ bí a ṣe lè pe ìyẹn ní ìdúpẹ́.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìkórè, ẹ gba owó; òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò, àlùfáà sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ yọ orúkọ kúrò lára àpòòwé, ẹ má pe iye owó mọ́, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ìjọ kí ọjọ́ náà tó pé pé ẹni tó bá jẹ́ ata nìkan ló ní, kó gbé ata rẹ̀ wá.