Cystic fibrosis: Báwo ni òógùn oníyọ̀ ṣe tú àṣírí àrùn tó ń sọ ẹ̀ṣọ́ ara di ọ̀tá?

Tí oṣù Kẹrin bá dé, ooru máa ń ju ìwọ̀n 40 lọ ní Harobanda, apá ìlú Niamey tó wà ní òdìkejì Odò Ọya, lórílẹ̀-èdè Niger. Níbẹ̀, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ọmọdé ń làágùn. Àmọ́ fún ọmọ tó bá ní àrùn cystic fibrosis, òógùn lè gba ẹ̀mí rẹ̀, torí iyọ̀ ara rẹ̀ ló ń bá a lọ.

Ooru náà ló tú àṣírí àrùn ọ̀hún. Lọ́dún 1938, Dókítà Dorothy Andersen ṣàlàyé rẹ̀ nílùú New York. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Nígbà tí ooru ńlá mú ìlú náà lọ́dún 1948, Dókítà Paul di Sant'Agnese ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tó ní i wà lára àwọn tí ooru gbé ṣánlẹ̀. Lọ́dún 1953, òun àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé iyọ̀ pọ̀ jù nínú òógùn wọn. Òógùn ni wọ́n ṣì fi ń ṣàyẹ̀wò àrùn náà títí dòní.

Ẹ̀ṣọ́ inú omi ara

Ẹ̀dọ̀fóró ni àrùn yìí ti ń ṣọṣẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ omi ara ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Lọ́dún 1921, Alexander Fleming yẹ ikun imú ara rẹ̀ wò ní London, ó sì rí enzyme tó ń fọ́ bakitéríà. Lysozyme ló pè é. Ó wà nínú omijé, itọ́ àti omi ọyàn pẹ̀lú.

Ẹni tó ní cystic fibrosis ní lysozyme, àmọ́ kélébè rẹ̀ ki jù. Kòkòrò á fara pamọ́ síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á sì ya bò wọ́n. Enzyme elastase tí sẹ́ẹ̀lì yìí ń tú jáde á pọ̀ débi tí yóò fi máa jẹ ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì náà bá kú, DNA inú wọn á tún mú kélébè ki sí i.

Enzyme náà ni wọ́n tún fi ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́dún 1993, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn dornase alfa, enzyme tó ń gé DNA yẹn kí kélébè lè rọ̀.

Kì í ṣe àrùn òyìnbó nìkan

Lọ́dún 1989 ni wọ́n rí àbùdá tó ń fa àrùn náà. Àléébù kan lára rẹ̀, 3120+1G>A, ni wọ́n ti rí lára ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ní i ní Gúúsù Áfíríkà àti Amẹ́ríkà.

Ikọ́ tí kò lọ àti ọmọ tó ń jẹun tí kò sanra lè jọ ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àìjẹunrekánú. Nítorí náà, ìyá tó bá fẹnu ko ọmọ irú bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, tó sì ń tọ́ iyọ̀ wò lára rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ pàtàkì tó yẹ kí dókítà gbọ́.