Òwú Ti Ní Ọkọ Nílé: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Ìtàn Ìwó

Kò sí agbègbè kan lẹ́yìn àwọn ìlú ńláńlá wa tí kì í wá ẹni tí yóò wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọba ń wá a, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń wá a, ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú ń wá a. Ní Ìwó, ìlú odídẹrẹ́, bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí: bí a bá lè rí ilé-iṣẹ́ ńlá kan, àwọn ọ̀dọ́ kò ní máa sá lọ sí Ìbàdàn àti Èkó mọ́. Àmín ni èmi náà ń ṣe sí àdúrà yìí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ìtàn léèrè ná, nítorí kì í ṣe òní ni àlejò olówó ti ń kọjú sí agbègbè yìí.

Ní ọdún 1902, àwọn tí ó ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ní agbègbè Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní British Cotton Growing Association. Òwú Amẹ́ríkà ni wọ́n gbójú lé, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé bí kò bá tó mọ́, iṣẹ́ wọn yóò dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí ilẹ̀ Yorùbá. Rélùwéè ti ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ó gba agbègbè Ìwó kọjá, ó sì wọ Òṣogbo ní 1907. Ẹgbẹ́ yìí pín èso òwú fún àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tí ń yọ kóró lára òwú kalẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní ibòmíràn lójú ọ̀nà rélùwéè.

Síbẹ̀, èrò wọn kò ṣẹ bí wọ́n ṣe rò ó. Ohun tí àlejò kò kà sí ni pé òwú ti ní ọkọ nílé. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn obìnrin wa ti ń ran òwú, tí aláró ń rẹ ẹ́ sínú aró, tí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, Ìwó àti Ìlọrin sì ń fi í hun aṣọ òkè. Iye tí Manchester fẹ́ san kò sábà tó èyí tí ọjà ilé ń san. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni àgbẹ̀ wa. Rárá o, ìṣirò ni wọ́n ṣe.

Ẹ wá wo kòkó. Àwọn àgbẹ̀ oníṣòwò bíi J. K. Coker ní Agége ni ó fi oko ńlá ṣíwájú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó lọ ṣe alágbàṣe níbẹ̀ ni ó sì mú ìmọ̀ rẹ̀ padà wálé. Èrè ni àgbẹ̀ rí tí wọ́n fi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì wà lára Òṣogbo. Ibẹ̀ ni rélùwéè dúró sí fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó máa lọ sí Ìlọrin. Ibi tí ẹrù bá ti ń sọ̀ ni oníṣòwò ń pàgọ́ sí, nítorí náà ni àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó ṣe kóra jọ síbẹ̀. Èrò kò wọ́n Ìwó: ètò ìkànìyàn 1952 ka 100,006 ènìyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò nìkan kì í fa òwò. Ọ̀nà ni ó ń fà á.

Èyí tí ó wá fìdí múlẹ̀ ní Ìwó jù lọ kò tilẹ̀ pe ara rẹ̀ ní òwò. Ìlú tí Ìsìláàmù ti rinlẹ̀ láti ayé Ọba Lámúyè ni ó gba kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Onítẹ̀bọmi lálejò, tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Lórí ilẹ̀ kan náà ni Yunifásítì Bowen ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 2002. Onílé ń rí ayálégbé, olóúnjẹ ń rí oníbàárà.

Nítorí náà, kí a tó tẹ́ ẹní fún olówó, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ọ̀nà wa ṣeé rìn? Ṣé ilẹ̀ tí a fẹ́ fún un kò ní ìjà nínú? Kí ni ọjà ilé ń rà lọ́wọ́ wa báyìí, ṣé àlejò yóò sì san jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìkẹta, ilé-iṣẹ́ tí yóò kọ́ yóò di ahoro, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gómìnà ni ó wá ṣí i.