Ohùn Ìyá Àgbà Nínú Téèpù

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo rí kásẹ́ẹ̀tì kan nísàlẹ̀ àpótí aṣọ màmá mi. Wọ́n fi bírò kọ ọ́ sí i lára pé: "Oríkì. Ìyá Àgbà. 1989." Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ara mi bù mááṣọ̀. Ìyá tó bí màmá mi nìyẹn o, tí wọ́n ti dolóògbé kí n tó dáyé! Èmi tí mò ń ka Yorùbá, tí mò ń pe ara mi ní akéwì, n kò mọ oríkì ilé ìyá mi dé ìdajì. Mo gbá téèpù náà mú, mo wo gbogbo ilé yíká. Kò sí ohun tí a ó fi gbọ́ ọ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè: ta ló ṣe nǹkan yìí gan-an, ta ló sì pa á?

Iléeṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Holland ló gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde níbi ìpàtẹ rédíò ní Berlin lọ́dún 1963. Lou Ottens ni ọ̀gá àwọn tó ṣe é. Wọ́n ní ó gé pákó kékeré kan tó wọ àpò kóòtù rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ tóbi jù ú lọ. Philips sì gbà kí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn máa ṣe irú kásẹ́ẹ̀tì náà láìsan kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Japan. Sony gbé Walkman jáde ní 1979, ni orin bá di ohun tí èèyàn ń gbé rìn.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Owó Údójì ni àwọn àgbà máa ń sọ. Lọ́dún 1975, ìjọba fi kún owó oṣù, wọ́n san ti ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ọn, rédíò àti giramafóònù sì wọlé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù ṣì lọba nígbà náà. Ṣùgbọ́n rẹ́kọ́ọ̀dù kò lè gba ohùn tìẹ sílẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì lè ṣe é! Ìwọ sáà tẹ bọ́tìnnì, kí o máa sọ̀rọ̀. Àwọn òbí ń sọ̀rọ̀ sí i ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní London dípò lẹ́tà. Ewì Lánrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ wọ ilé àwọn tí kò lè ka ìwé. Àwọn ayédèrú náà ò kúkú sùn: ẹnì kan á ra ojúlówó, á da á kọ sórí ogún, olórin á máa wo ẹ̀yìn owó rẹ̀.

CD dé ní 1982. Philips àti Sony ló jọ ṣe é, Ottens sì wà nídìí rẹ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Bàbá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Lóòótọ́, CD kì í há, a kì í sì í fi bírò yí i. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀yìn ló dá wa sí. Ìyá àgbà wo ni ì bá jókòó nínú yàrá kí ó ki oríkì sínú CD ìgbà náà? Ìgbà tí fóònù dé la tó rí ẹ̀bùn yẹn gbà padà. Ní 2010, Sony kò kó Walkman oníkásẹ́ẹ̀tì lọ sọ́jà Japan mọ́.

Àwọn olórin kan l'Amẹ́ríkà àti Britain ṣì ń ṣe kásẹ́ẹ̀tì jáde, nítorí náà n ò ní í sọ pé ó kú tán. Ẹ̀rọ tó ń lù ú ló wọ́n, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Mo rí ọ̀kan ṣá, bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa. Rọ́bà inú ẹ̀rọ wọn ti yọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Wọ́n wá òmíràn dí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra o, bàbá."

"Ìwọ ọmọ yìí, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń ṣe é."

Ohùn náà kọ́kọ́ jáde bíi ti ọkùnrin, ó ń fà tìì-tìì. Bàbá yí nǹkan kan, ó wá di ohùn obìnrin. Màmá mi, tó tẹ̀ lé mi lọ, bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ìṣẹ́jú 11 ni mo fi fóònù gbà sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù. A ò tíì gbọ́ ojú kejì. Bàbá ní ká padà wá ní Sátidé.